Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lórí Ibi Tí Ìbejì Ń Sùn

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́;
Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera;
àti Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá.

Ẹ̀yin olórí wa,

Ọmọ Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá ni mí, ìyá ìbejì sì ni mí. Èmi àti àwọn ìyá ìbejì ẹlẹgbẹ́ mi la jọ rò ó kí n tó kọ ìwé yìí. Ẹ̀bẹ̀ kan la gbé wá: ẹ bá wa ṣètò kí ìbejì kọ̀ọ̀kan tí a bá bí ní Ìbàràpá ní ibùsùn tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ibùsùn tí kò ní fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ewu.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé olú-ìlú ìbejì àgbáyé ni wọ́n ń pe ìlú wa. Kì í ṣe ariwo lásán. Nígbà tí Nylander, onímọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lórí ìbejì wa láyé ọjọ́un, ó rí i pé nínú ìbímọ 1,000, ó tó bí 45 tó jẹ́ ìbejì. Ní Yúróòpù nígbà náà, bí 10 sí 12 ni. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ló fà á, àwọn mìíràn ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ibi yòówù kó ti wá, àwọn ọmọ ti dé. Láti 2018 la sì ti ń ṣe Ọdún Ìbejì, tí àwọn èèyàn ń ti òkèèrè wá wò wá. Inú wa dùn sí i, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìbejì ń jó lójú agbo. Alaalẹ́ ni wọ́n ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alẹ́ ìyá ìbejì ṣe ń rí ní ilé púpọ̀. Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì kan ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀. Fómù rẹ̀ ti pẹ́, àárín rẹ̀ ti jìn. Bàbá sùn sétí, ìyá sùn tẹ̀lé e, Táyé wà lábẹ́ apá ìyá, Kẹ́hìndé wà lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà yí ṣubú, wọ́n fi aṣọ òtútù wé wọn, wọ́n tún dé wọn ní fìlà. Ìkókó a máa mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Ti ọmọ méjì á wá di 16 sí 24. Bí Táyé bá ti yó, Kẹ́hìndé á jí. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta òru, oorun á gbé ìyá lọ, ọmú á sì wà lẹ́nu ọmọ síbẹ̀. Ẹ má pè é ní àìbìkítà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá agbára rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọrùn ìkókó kò tíì le. Bí imú rẹ̀ bá rì sínú fómù, tàbí tí ó fara ti ìrọ̀rí, tàbí tí apá ìyá rẹ̀ bò ó, kò lè yí orí kúrò. Èémí tó mí síta ni yóò tún máa fà sínú, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán láìké. Àlàfo tóóró tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri náà tó láti há ọmọ mọ́. Ti ìbejì wá le ju ti ọmọ kan lọ, nítorí ó ju ìdajì wọn lọ tí a ń bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í wọ̀n tó kílò 2.5. Ọmọ tí kò gbó tó, tí kò sì wọ̀n tó, ni ikú ojú oorun ń mú jù.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ọ̀kan kò jí, ẹ mọ ohun tí àdúgbò máa ń sọ. Wọ́n á ní àbíkú ni, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀, tàbí kí wọ́n di ẹ̀bi ru ìyá tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti bímọ. Àwọn baba wa a máa gbẹ́ ère fún ìbejì tó bá kú, kí ìyá lè máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ṣì wà. Ère ìbejì pọ̀ débi pé wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń wò ó níbẹ̀ ń yin ọwọ́ agbẹ́gilére. Lójú ìyá, ère kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ kan tó lọ. Àwọn baba wa kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Àwa ní.

Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ lójú oorun kò nira láti sọ. Kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, lọ́sàn-án àti lóru. Kí ohun tó sùn lé tẹ́jú, kó le, kó má jìn sísàlẹ̀ bí a bá tẹ́ ọmọ sí i. Kí ìrọ̀rí àti aṣọ tó nípọn má sí níbẹ̀. Kí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà. Ní 1991, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde fún àwọn òbí pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ikú òjijì àwọn ìkókó lójú oorun dín ju ìdajì lọ. Wọn kò ra oògùn kankan.

Ní ti ìbejì, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ nínú ìmọ̀ràn wọn ti 2022 pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ibùsùn tirẹ̀. Àwọn elétò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ìbejì tó ṣì kéré lè jọ sùn nínú kọ́ọ̀tì ńlá kan, bí àwọn méjèèjì bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tí a kò sì ki ohunkóhun sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí wọ́n jọ sùn nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kan rárá. Ohun tí ẹnu gbogbo wọn kò lé lórí ni pé kí ọmọ sún mọ́ ìyá rẹ̀, lórí ibùsùn tó le tó sì tẹ́jú.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyí. Ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ló jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí wọn. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ ikùn rẹ̀ kò tíì jinná kò lè máa bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ lórí ẹní nílẹ̀ léraléra lóru. Bí ibùsùn bá wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, á nawọ́ gbé Táyé, á fún un lọ́mú, á dá a padà, á sì gbé Kẹ́hìndé. Bí kò bá sí níbẹ̀, bó ti wù kí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ tó, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò tẹ́ àwọn méjèèjì sí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ o. Kí ìyá máa pọ̀n ọ́n. Kí ọmọ tí kò gbó máa wà láyà ìyá rẹ̀, awọ ara kan awọ ara, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ní ó dára fún un. Ìgbà tí oorun bá ń kun ìyá ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí.

Àwọn tó rí owó a máa ra kọ́ọ̀tì ọmọ, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2011, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kọ́ọ̀tì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ náà a máa yọ, ọmọ á sì há sí i. Ní 2022, wọ́n tún fòfin de ibùsùn ìkókó tó dagẹ̀rẹ̀, àti tìmùtìmù tí wọ́n ń so yí inú kọ́ọ̀tì ká. Ohun tí wọ́n lé lọ́jà tiwọn lè gúnlẹ̀ sí ọjà tòkunbọ̀ wa, kí ìyá tó fi owó àjọ rà á máa rò pé ohun tó dára jù lòun rà fọ́mọ.

Ẹ̀yin olórí wa, ìjọba àti aráàlú ibòmíràn ti ṣe irú ohun tí à ń tọrọ yìí. Láti 1938 ni ìjọba Finland ti ń fún àwọn aláboyún tí kò rí já jẹ ní àpótí tí ẹrù ọmọ wà nínú rẹ̀, tí àpótí náà sì lè di ibùsùn ọmọ. Ní 1949, wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ìyá, bí aboyún bá ti lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú kí oyún tó kọjá oṣù mẹ́rin. Ní New Zealand, àwọn Maori, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀, fi ewé tí wọ́n fi ń hun nǹkan láti ìgbà ìwáṣẹ̀ hun apẹ̀rẹ̀ ìkókó tí wọ́n ń pè ní wahakura, kí ọmọ lè wà nítòsí òbí rẹ̀ láìsí pé wọ́n sùn lé e. Nílé wa níbí ńkọ́? Nígbà tí sobìà ń bá ìlú Ìdèrè ní Ìbàràpá fínra ní àwọn ọdún 1980, àwọn télọ̀ ìlú ló rán asẹ́ aláṣọ tí àwọn èèyàn fi ń sẹ́ omi mímu, àwọn olùtọ́jú ìlera ìletò ló sì ń tà á. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sobìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ìbàràpá mọ bí a ti ń fi ọwọ́ ara ẹni tún nǹkan ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin la ń tọrọ:

Àkọ́kọ́, kí gbogbo aboyún tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìbejì ló wà nínú rẹ̀ gba ibùsùn ìkókó méjì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kí ó gbà á nígbà tí oyún bá wọ oṣù méje, nítorí ìbejì kì í sábà dúró de oṣù kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí àwọn káfíńtà wa àti àwọn tó ń fi pankẹ́rẹ́ ṣe àga ṣe é, kí àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń bá Ìbàràpá ṣiṣẹ́ láti 1963, sì yẹ bí wọ́n ṣe ṣe é wò. Kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ kó má baà dojú dé. Kí fómù rẹ̀ pẹlẹbẹ, kó le, kó sì kún inú rẹ̀ láìsí àlàfo létí. Kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Kí ó ga dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì ìyá, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì lè bò ó láìkan ojú ọmọ.

Èkejì, kí ìkókó kọ̀ọ̀kan ní kọ́ọ̀tì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní gbogbo wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ìjọba. Bí ìyá bá rí i ní ọsibítù pé wọ́n tẹ́ ọmọ méjì ti òun lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró, ohun tí yóò ṣe nílé nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀kọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà, àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn agbẹ̀bí inú ìjọ, kí a sì máa sọ ọ́ lórí rédíò ní èdè wa. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ ló ń borí nílé ìyá ìkókó. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ wọn ni pé bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tó sì bì, á gbà á lọ́fun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀. Ohun tó bì á padà sísàlẹ̀. Kí ẹnì kan fi sùúrù ṣàlàyé èyí fún wọn, wọn yóò gbà.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba ìpínlẹ̀ bá SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa yẹ kọ́ọ̀tì ọmọ tó ń wọ ọjà wò. Kí ilé ìwòsàn sì máa kọ ikú ìkókó tó bá wáyé lójú oorun sílẹ̀, láìdá ìyá lẹ́bi, kí ẹ lè mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí.

A kò ní kí ẹ ṣe é káàkiri ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìlú méje Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìgàngàn, Tápà, Ayétẹ́, Ìdèrè àti Láńlátẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọdún kan, kí ẹ sì wo àbájáde rẹ̀. Àwa ìyá ìbejì yóò máa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí àwọn aláboyún bá ń pàdé, a ó máa fi han àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ, a ó sì máa bẹ ilé wọn wò lẹ́yìn ìkómọ. A kò ní gba owó fún un.

A mọ̀ pé ẹrù tó wà lọ́rùn yín pọ̀, a sì mọ̀ pé etí yín kì í di sí igbe abiyamọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọmọ ṣòfò, nílé yín àti nílé wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì kan, fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀,
Igbó-Ọrà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.