Níbo Ni Ẹni Tí Ó Ronúpìwàdà Yóò Sùn?

Ọlọ́hun ti ṣe ọtí ní èèwọ̀ nínú Súrátul-Máídah, áyà 90. Wáàsí lórí rẹ̀ kò sì wọ́n ní Ọ̀fàdà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn Àrò, l'Ábẹ́òkúta, tí ó jáwọ́, níbo ni yóò padà sí? Yàrá tí ó ti kọ́ igbó mímu ni, bí bàbá rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ọn!

Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ abúlé Àrò. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń gba ìtọ́jú. Àwọn àgbẹ̀ náà kò sá fún wọn.

Oko ìrẹsì ń bẹ l'Ọ́fàdà. Kí ìjọ fi owó sàárà gba ilé kan, kí àgbàlagbà kan máa bá wọn gbé, kí wọ́n jọ máa kírun àsùbáà kí wọ́n tó lọ sóko.