Ẹ wọn iyọ̀ yẹn kí ẹ tó mu ún

Ẹni tó bá ti tó fóònù lò lọ́dún 2014 kò lè gbàgbé ìdájí ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Òru ganjọ́, fóònù ń dún kiri ilé. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò: "Dìde, gbé omi kaná, da iyọ̀ sí i, fi wẹ̀, kó o sì mu nínú ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹbólà ò ní mú ẹ." Láago mẹ́rin ni màmá tèmi pè láti Ìsẹ́yìn. Mo ní, "Mọ́mì, ta ló sọ fún yín?" Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ní Ṣakí ni. Ta ló sọ fún ẹ̀gbọ́n yín? Ẹnì kan ní Ìbàdàn. Ta ló sọ fún ti Ìbàdàn? Ibẹ̀ ni káàdì wọn ti tán. Mi ò wẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, mo wo ike iyọ̀ inú kíṣìn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó padà sùn.

Ẹ̀rù tó wà nílùú nígbà yẹn kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ 20 oṣù Keje ni Patrick Sawyer gbé àrùn náà wọ Èkó láti Làìbéríà, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 25, ó ti kú. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí kò ní olówó máa ń rí ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Iyọ̀ tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí Ẹbólà pa wọ́n ló pa wọ́n. Ohun tó lé Ẹbólà lọ kì í ṣe iyọ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer ò ní kúrò ní ọsibítù, tó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ, wà lára ohun tó lé e lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri, tí wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn èèyàn tó tó 900, wà lára ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Èèyàn 20 ló mú, mẹ́jọ ló kú nínú wọn.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé mo kórìíra iyọ̀ o. Ọmọ Òkè-Ògùn wo ló lè kórìíra ẹ̀? Tí ọyẹ́ bá gba ìlú lọ́dọ̀ wa, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ètè á là, imú á gbẹ, eruku á wọ ọ̀fun, ohùn á há. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún wa nílé ò le rárá: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kọ́ọ̀bù, iyọ̀ díẹ̀, gbé orí sókè, jẹ́ kó hó lọ́nà ọ̀fun, kó o tu ú dànù. Títí dòní làwọn dókítà ṣì ń sọ pé kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì sínú ife omi kan. Iyọ̀ ń fa omi kúrò nínú ẹran ọ̀fun tó wú, ó sì ń fọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dànù. Kò wo àìsàn náà sàn, ó kàn ń mú ara fúyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé títu ni wọ́n ń tu ú. Wọn kì í gbé e mì.

Èyí tí wọ́n ń gbé mì, tó sì ti gba ọmọ là lọ́wọ́ ikú, ni omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Láyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, wọ́n kọ́ ọ kiri: ìgò bíà ńlá kan, tàbí ìgò mínírà méjì, ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan tí wọ́n ti gbá orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá tàbí kóró ṣúgà márùn-ún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ rèé. Ìgò mínírà ayé ìgbà yẹn, 30cl ni, ìgò bíà ńlá sì jẹ́ 60cl. Ìgò wo la fẹ́ lò lónìí? Ike 35cl? Ike 50cl? Ẹni tó gbọ́ "ìgò bíà kan" lẹ́nu ìyá ẹ̀, tó wá mú ìgò kékeré 33cl, iyọ̀ tó máa fún ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìmọ̀ náà wà lórí wọn, ìgò ló yí padà.

Ìlànà tí wọ́n ń lò báyìí tún fúyẹ́ ju tàtijọ́ lọ, torí lọ́dún 2002 ni WHO dín agbára àpò ORS kù. Ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí iyọ̀ péré, pẹrẹsẹ lorí wọn, sínú lítà omi kan tó mọ́. Ẹ̀yin ará ìgboro, lítà kan ni píọ́ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Tí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì bá wà ní tòsí, ẹ yáa ra ORS pẹ̀lú síńkì, kò wọ́n, wọ́n sì ti bá yín wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ní láti pò ó fúnra yín, ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó mu ún. Kò gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Mi ò mọ òṣùwọ̀n tó tún rọrùn jùyẹn lọ, torí kò sẹ́ni tí ò mọ bí omijé ṣe rí lẹ́nu.

Iyọ̀ àti ṣúgà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn òṣùpá. Lára ìfun wa, ẹnu ọ̀nà kan wà tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ nìkan ò fi tó. Lọ́dún 1971, Dókítà Dilip Mahalanabis lò ó fáwọn tó sá fún ogun Bangladesh wá sí Bangaon ní Íńdíà, tí kọ́lẹ́rà ń pa. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀, kò wá tó mẹ́rin mọ́. Ní Bangladesh náà, àjọ BRAC bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn obìnrin lọ láti ilé dé ilé lọ́dún 1980. Ìwọ̀n wọn ni iyọ̀ tí ìka mẹ́ta bù àti ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà pupa kan. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé owó olùkọ́ wà lórí bí ìyá tó kọ́ ṣe rántí rẹ̀ tó. Wọ́n máa ń padà wá wò ó. Ẹni tó ń fi ìwé "ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá" ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìgbà wo ló padà wá wo ẹni tó mu ún?

Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, omi inú ara á máa sá lọ síbi tí iyọ̀ wà. Ọpọlọ á súnkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí lè já, gìrì á mú olúwarẹ̀, ó sì lè dákú lọ. Kíndìnrín ọmọdé kò lágbára láti tètè lé e jáde. Nítorí náà, nígbà tí gìrì bá gbé ọmọ lábúlé, tí wọ́n sì ń rọ omi iyọ̀ sí i lẹ́nu, ohun tó ń fa gìrì ni wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì mú. Omi náà tún lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ẹ wá ọ̀kadà. Mo mọ̀ pé láti abúlé kan ní Àtìsbó dé ọsibítù Ṣakí lè jẹ́ ìrìn wákàtí. Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò nídìí iyọ̀ nìyẹn. Bákan náà ni ti àgbẹ̀ tó bá ṣèèṣì gbé oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko mì. Omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń mú un bì ti pa àwọn ẹlòmíràn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má fi àwọn ará oko rẹ́rìn-ín. Ta ló ń sọ fúnra wọn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé tóbìnrin bá mu omi iyọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kò ní lóyún? Inú ikùn ni omi tí a mu ń lọ, kò sí ọ̀nà tó gbà dé ilé ọmọ. Oògùn wà fún ìyẹn ní kẹ́míìsì, kẹ́ ẹ sì tètè lò ó. Iyọ̀ aláwọ̀ osùn tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lórí Instagram pé ti òkè Himalaya ni ńkọ́? Ibi ìwakùsà Khewra ní Pakistan ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, iyọ̀ náà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Wọn kì í sábà fi ayodíìnì sí i, bẹ́ẹ̀ ayodíìnì tó wà nínú iyọ̀ ọjà wa ni kò jẹ́ ká máa rí gẹ̀gẹ̀ kiri mọ́ bíi tàtijọ́. Gírámù iyọ̀ márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan, ni WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ kọjá lójúmọ́. Ẹ ti ka Maggi àti índómì tẹ́ ẹ jẹ lánàá mọ́ ọn?

Màmá mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé ẹnì kan ní kí àwọn máa mu omi iyọ̀ láràárọ̀, pé ó ń fọ ìfun. Mo pè wọ́n. Mo ní, "Mọ́mì, ìwọ̀n iyọ̀ mélòó nínú ìwọ̀n omi mélòó?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò sọ."