Ọjọ́ Ọdún Kọ́ Ló Ń Mú Ni Sanra

Bí oṣù kejìlá bá ti ń sún mọ́lé ni àwọn agbani-nímọ̀ràn máa ń rọ́ dé orí rédíò àti inú ìwé ìròyìn. Ìmọ̀ràn wọn kì í yí padà: ẹ má jẹ iyán, ẹ jìnnà sí ìrẹsì, ẹ fi ewébẹ̀ àti omi gbígbóná ṣọdún. Bí ọdún bá sì ti kọjá, àwọn tó ń ta tíì afọkùn á bọ́ sójú agbo, wọ́n á ní àwọn yóò yọ gbogbo ohun tí Kérésìmesì kó sí aráàlú lára láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láàárín igun méjèèjì yìí, ẹni tó kàn fẹ́ bá ẹbí rẹ̀ jókòó, kó jẹ, kó mu, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun rí òpin ọdún, ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ nídìí abọ́ oúnjẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn méjèèjì ń wí. Ọjọ́ ọdún kọ́ ló ń mú ni sanra. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí a ti sọ di ọjọ́ ọdún ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ń bá iyán ọjọ́ Kérésìmesì jà fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìṣírò rẹ̀ kò le. Kìlógíráàmù kan péré tí ènìyàn bá fi sanra, nǹkan bí kálórì 7,700 ló kó sínú ọ̀rá náà. Àgbàlagbà tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n ń lo nǹkan bí 2,000 sí 2,500 lójúmọ́. Kí ó tó lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo sanra ní kìlógíráàmù kan, ó ní láti jẹ oúnjẹ ọjọ́ tirẹ̀, kó tún jẹ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin mìíràn lé e. Ikùn tó lè gba bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kí wá ni òṣùwọ̀n rí tó fi fò sókè láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún? Omi ni. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ àti ìrẹsì tó pọ̀ máa ń fa omi sára, oúnjẹ àná náà sì ṣì wà nínú ìfun. Bí ènìyàn bá padà sí oúnjẹ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi náà á lọ. Omi yìí kan náà ni àwọn tíì afọkùn fi ń tan aráàlú jẹ: ewé tó ń mú ni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, omi àti ìgbẹ́ ni wọ́n ń lé jáde, ọ̀rá kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó rà á náwó rẹ̀ lásán, ó sì fi ìfun rẹ̀ wéwu.

Ibi tí ewu gan-an wà ni ìwádìí kan fi hàn, èyí tí ìwé ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé jáde ní ọdún 2000. Àgbàlagbà 195 ni àwọn olùwádìí náà ń gbé sórí òṣùwọ̀n léraléra ní Amẹ́ríkà. Láti ìdajì oṣù kọkànlá títí di oṣù kìíní, 0.37 kìlógíráàmù péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sanra bí a bá pín in dọ́gba. Àwọn fúnra wọn rò pé ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè ní kò sí ewu lóko. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wọn 165 nínú wọn lẹ́yìn ọdún kan, èyí tí wọ́n kó lásìkò ọdún ṣì wà lára wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n fi sanra jálẹ̀ ọdún kò ju 0.62 kìlógíráàmù lọ; ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ pé àárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn ló wọlé. Ẹni tó ń kó 0.37 lọ́dọọdún tí kò sì bọ́ ọ sílẹ̀ ti ru kìlógíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò sì ní rántí oúnjẹ kan pàtó tó mú un wá. Àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló tún fi ń kún jù. Àwọn tó ń lo ara wọn dáadáa lásìkò náà ló sì kó díẹ̀ jù. Bí ẹnì kan bá ní ìwádìí Amẹ́ríkà kò kan Yorùbá, kó wo kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án tí ìnáwó ti ń gbóná títí di ìgbà tí àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù àti Houston wálé fún Detty December, ìyẹn fàájì oṣù kejìlá, yóò fi wọkọ̀ òfuurufú padà, Sátidé wo ni kò sí òwàǹbẹ̀? Àsìkò tiwa gùn ju tiwọn lọ.

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń ṣọdún, ọdún wọn sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Mùsùlùmí tó pa àgbò ní Iléyá kì í dá a jẹ: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti aládùúgbò, ìdá kan fún aláìní. Ààwẹ̀ Ràmàdánì ló ń ṣáájú ìtúnu, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ló sì ń ṣáájú Àjíǹde. Àwọn Àgùdà Èkó tí ìran wọn ti Brazil dé sì ń fi fùrèjọ̀n, ìyẹn ẹ̀wà àti àgbọn, pẹ̀lú ẹja ṣe Ọjọ́ Ẹtì Rere, láìfi ẹnu kan ẹran. Ìrẹsì gan-an, oúnjẹ ọdún ni nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá títí di nǹkan bí ọdún 1970 sí i, kí owó epo rọ̀bì tó sọ ìrẹsì òkèèrè di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sè lójoojúmọ́. Adìyẹ tí wọ́n ń pa ní Kérésìmesì, ọmọ ilé ti ń retí rẹ̀ láti oṣù bíi mélòó kan. Wọ́n jẹ àjẹyó lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n gbé ọkọ́ àti àdá, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má jẹ iyán. Ohun tó dáàbò bò wọ́n ni pé ọjọ́ ọdún parí nígbà tó yẹ kó parí. Lónìí, ọdún kì í parí mọ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù òwàǹbẹ̀ Sátidé ni a dì sínú ọ̀rá wálé, òun ni a jẹ lálẹ́ Sọ́ńdè, ìyókù rẹ̀ ni ọmọ gbé lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé. Ìkòkò ọbẹ̀ díndín ọdún ni a ń mú gbóná títí oṣù kìíní fi dé ìdajì, a sì ń fi epo mìíràn kún un bó bá ti ń gbẹ. Ṣíbí ìjẹun epo kan, nǹkan bí kálórì 120 ni. Ọjọ́ ọdún kò ṣe wá ní ibi. Àwa la kọ̀ láti jẹ́ kó lọ.

Ohun tí àwọn agbani-nímọ̀ràn kì í sì í fẹnu bà rárá ni ohun tó wà nínú ìgò. Wọ́n á pariwo àmàlà àti mọ́ínmọ́ín, oúnjẹ tó kún ikùn tó sì ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun ti yó, wọ́n á sì fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìndòdò ní nǹkan bí gíráàmù ṣúgà mẹ́wàá nínú mílílítà 100. Ìgò ìdajì lítà kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 50, òun náà sì ni òpin tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́. Àjọ náà tilẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ ló dára jù. Ìgò kan ti jẹ ẹ́ tán kí ìrẹsì tó dé. Ìgò kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹran, málítì wà fún ìyá ọmọ, bíà wà fún baba, kò sì sí èyí tó dín ebi kù nínú wọn. Ìjọba mọ̀. Òfin Ìṣúná ọdún 2021, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà, bu owó orí lé ohun mímu aládùn: náírà 10 lórí lítà kan. Náírà márùn-ún lórí ìgò ìdajì lítà! Ní ọjà tí náírà márùn-ún kò lè ra ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, owó orí yìí kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé bí owó orí bá gbé iye ẹlẹ́rìndòdò sókè ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mímu rẹ̀ á dín kù ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Náírà márùn-ún kò sún mọ́ ọ. Ìjọba tó ń sọ fún aráàlú pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ìtọ̀ ṣúgà, tó sì ń jẹ́ kí ṣúgà inú ìgò wà ní owó pọ́ọ́kú, kò tíì ṣe ojúṣe rẹ̀. Ìtìjú ni, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin tún òfin náà wò.

Àwọn kan á ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ọjọ́ kan ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún kò lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn mìíràn á ní sísanra ni ẹ̀rí pé ayé yẹni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ rí, ayé ìgbà tí ebi àti àìsàn gbígbẹ ń pa ènìyàn ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò bọ̀wọ̀ fún ọlá. Wọ́n á tún ní àlejò tó kọ oúnjẹ tàbùkù onílé. Ta ló ní kó kọ̀ ọ́? Kó jẹ àwo kan, kó yìn ín, kó dúpẹ́. Àwo kẹta àti ọ̀rá tí a dì lọ sílé kì í ṣe ara ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni ti àwọn tó ń béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀ sísanra nílùú tí ebi ń pa. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn: ilé tí owó kò tó ló ń fi gààrí, ìrẹsì àti ohun mímu aládùn dípò ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ilé náà ni kò sì ní lówó oògùn nígbà tí àìsàn bá dé. Tálákà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ohun tó ṣeé ṣe wà, kò sì gba ìdẹ́rùbà. Ní ọdún 2018, ìwé ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí àwọn olùkọ́ yunifásítì Birmingham àti Loughborough jáde, èyí tí wọ́n fi àgbàlagbà 272 ṣe lásìkò Kérésìmesì. Wọ́n fún apá kan ní ìwé pélébé lórí ìlera. Wọ́n ní kí apá kejì máa wọn ara wọn léraléra, wọ́n fún wọn ní ìmọ̀ràn ṣókí, wọ́n sì fi hàn wọ́n bí ìrìn tàbí eré sísá yóò ti pọ̀ tó kó tó jó oúnjẹ ọdún kọ̀ọ̀kan dànù. Àwọn tó gba ìwé pélébé sanra ní 0.37 kìlógíráàmù, àwọn tó ń wọn ara wọn fi 0.13 fúyẹ́. Ìwé lásán kò ran àwọn àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ojú tó wà lára òṣùwọ̀n, pẹ̀lú ìmọ̀ràn ṣókí àti ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n, ló ran àwọn kejì lọ́wọ́, nítorí ó jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí ọdún ti tó.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú ọjọ́ ọdún rẹ̀: Kérésìmesì, Ọdún Tuntun, Iléyá, ìgbéyàwó ọmọ ìyá ẹni. Kó jẹ iyán lọ́jọ́ náà, kó jẹ ẹran, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi. Kí alásè kọ́kọ́ gbé omi síwájú àlejò, kí ẹlẹ́rìndòdò dúró de ẹni tó bá béèrè rẹ̀. Kí a pín oúnjẹ tó ṣẹ́kù fún àwọn tí kò ní, dípò kí a dì í wálé. Kí a máa gun òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì máa rìn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kí ọdún parí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.