Kí A Tó Po Àgbo Ọmọ, Ẹ Mú Ìwé Pupa Wá



Mo gbọ́ pé àwọn kan ń bínú sí mi. Wọ́n ní bàbá ti di òyìnbó, pé bí èèyàn bá gbé ọmọ wá gba àgbo lọ́dọ̀ mi, ìwé pupa tí wọ́n fún ìyá nígbà tó bímọ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Òótọ́ ni. N kò sì ní yéé béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wá bá mi nílé ní Peckham níbí. Ìgbẹ́ ọmọ náà ń ṣàn, ara ń yún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, mo bá ní kò burú, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo po àgbo fún un. Ìyá padà wá, mo tún po òmíràn. Ó di oṣù kẹta kó tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé wàrà màálù ni ara ọmọ náà kò gbà. Wọ́n yí wàrà rẹ̀ padà, ara ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé, nígbà tí ìyá náà ṣí ìwé pupa hàn mí lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ wàrà inú agolo ni àmì ìwọ̀n rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, láti ìlà kan sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú báàgì ìyá ni ìwé náà wà ní gbogbo ìgbà tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ni n kò béèrè.

Ojú nìkan kò tó wo ọmọ. Ẹni tí à ń rí lójoojúmọ́, a kì í tètè mọ̀ pé ó ń rù. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tó fi máa ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń fún, inú rẹ̀ á dùn. Bó bá ń yọ̀ bọ́, àyà rẹ̀ á já. Òṣùwọ̀n ni ìyẹn náà, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kì í sọ nǹkan púpọ̀. Ẹ̀yin awo mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo lórí ìyẹ̀rosùn kì í ṣe odù. Àfi kí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà mẹ́sàn-án tó wà nínú ìwé yẹn ṣe rí. Ọmọ kan lè wà nítòsí ìlà ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kó máa bá ìlà náà gòkè lọ, kò sí ohun tó ṣe é. Bóyá bàbá rẹ̀ ni kò ga. Irú wọn ni wọ́n máa ń gbé wá pé kí n po àgbo ìsanra fún, n kì í sì gbà. Ọmọ tó tóbi níwọ̀nba nígbà tí wọ́n bí i, tó wá já wálẹ̀ kọjá àlàfo méjì láàrin àwọn ìlà, ìyẹn ni kí a sáré gbé lọ sọ́dọ̀ GP, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kún bí ti Ìbejì orí pẹpẹ.

Wọ́n ní ìwé òyìnbó ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Láàrin 1956 sí 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Ògèdèǹgbé pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì, ló ti dá kílínìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sórí káàdì, ìyá sì ń gbé káàdì náà lọ sílé nínú ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ ìyá wọ̀nyẹn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìlà tó ń gòkè yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Ìlà tí wọ́n ń lò ní England láti 2009 pàápàá, láti ara àwọn ọmọ tí àjọ WHO wọ̀n ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti fà á yọ. Ghana wà nínú wọn. Ọdún 2009 náà ni Morley kú.

Àwọn mìíràn ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ta ló ń ka ọmọ? Ọmọ kan ṣoṣo là ń gbé sórí òṣùwọ̀n, ìyá rẹ̀ ló sì gbé e wá.

Ẹ̀rù tó jinlẹ̀ jù tí mo ń gbọ́ ni ti social services: bí wọ́n bá rí i pé ọmọ rù, wọ́n á gbà á lọ. N kò ní fi ẹ̀rù yẹn ṣẹ̀sín, mo ti gbé ìlú yìí pẹ́. Síbẹ̀, ìwé tí àmì kún inú rẹ̀ ń jẹ́rìí pé ìyá ń gbé ọmọ jáde, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ìwé òfìfo ni èmi ń bẹ̀rù.

Ẹ má gbàgbé ìlà tó ń fò sókè jù náà. Ilé-ìwé ń wọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n ní ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Bí lẹ́tà wọn bá ní ọmọ ti sanra jù, ẹ má fà á ya. Mo rí ohun tí à ń fún àwọn ọmọ mu níbi ọdún òrìṣà wa, ṣúgà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣègùn ẹgbẹ́ mi, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, n kì í fún un ní àgbo mọ́, ọmú ni kó mu. Lẹ́yìn náà, ògì nìkan kò lè gbé ọmọ ró. Ẹ lọ ẹja sí i, ẹ fi ẹ̀wà àti ẹyin kún un. Ẹ fún un ní fítámì D tí nọ́ọ̀sì bá ní kó lò, nítorí oòrùn ibí kò tó awọ dúdú.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ mú ìwé náà dání. Bó bá ti sọnù, ẹ béèrè òmíràn lọ́wọ́ health visitor kí ẹ tó wá.