Ẹ Jẹ́ Kí Wẹ́fíà Wọ Àdúgbò

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Islamic High School, Baṣọ̀run, nílùú Ìbàdàn. Àwọn òbí kó ọmọ wọn wá síbẹ̀ nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ẹ̀bùn ọdún. Ọ̀pọ̀ wa ló bínú sí ètò ọjọ́ náà, ìbínú yẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìbínú kò lè dáhùn: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹnu géètì ilé ìwé, láàárọ̀ kùtù, ni òbí tí nǹkan nira fún ti ń retí ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀? Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Íbàdàn. Nínú ètò ìjọba ìbílẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹ̀ka kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìgbáyégbádùn aráàlú, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Wẹ́fíà. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ka yìí ni kó mọ ìdílé tó wà nínú ìṣòro lọ́kọ̀ọ̀kan, kó mọ ojúlé wọn, kó sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ títí yóò fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìgbà tó bá mọ̀ wọ́n ló tó lè pín ohunkóhun tí kò ní í di ìjà.

Bí ẹ bá béèrè lóde ohun tí Wẹ́fíà ń ṣe, ohun méjì lẹ máa gbọ́. Àwọn kan á ní ibẹ̀ ni obìnrin máa ń pe ọkọ tí kò fún un lówó oúnjẹ ọmọ sí. Àwọn mìíràn á ní àwọn ni wọ́n máa ń tẹ̀lé alága lọ pín ìrẹsì, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta nígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn, iṣẹ́ gidi ni. Òṣìṣẹ́ tó fi ìwé pe bàbá ọmọ, tó jókòó ti tọkọtaya, tó kọ àdéhùn sílẹ̀ pé iye báyìí ni yóò máa wọlé lóṣooṣù, tó sì ń padà wò ó bóyá owó náà ń wọlé lóòótọ́, ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ ebi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé kóòtù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kún ọwọ́ ẹ̀ka yìí: ọmọ tó sọnù, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ń lù bí ẹni lu bàrà, arúgbó tí kò ní ẹni tí yóò bu omi fún un, ẹni tí àìsàn ọpọlọ gbé sí ìgboro, ìdílé tí iná tàbí omíyalé lé jáde. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá sì ti sọ di tiwọn, kò lè rìn láìsí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ wo ilé tí ọmọ wà kó tó wá jábọ̀ fún kóòtù.

Ìwé òfin 1999 pàápàá ti gbé ojúṣe náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn. Nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, ìlà kan náà tó ní kí wọ́n máa bójú tó itẹ́ òkú ló ní kí wọ́n dá ilé sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Kò jìnnà sí ibẹ̀ tí wọ́n ti dárúkọ ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran. Ẹ wo bí àwọn kánsù ṣe di ọjà àti ibùdókọ̀ mú ṣinṣin, níbi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé lójoojúmọ́, kí ẹ wá wá ilé àwọn aláìní tí kánsù tiyín dá sílẹ̀. Ojúṣe tó ń mú owó wọlé là ń rántí.

Bí ọ́fíìsì yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ni ìjọba amúnisìn yan Donald Faulkner láti máa bójú tó ìgbáyégbádùn ní Èkó, nígbà tí ẹ̀rù àwọn ọmọ jàgùdà ń ba ará ìlú. Ní 1943, òfin lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni kóòtù àwọn ọmọdé dé, tí wọ́n sì fi òfin de àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà nígboro. Oore wà nínú rẹ̀, torí ewu tó ń bá ọmọbìnrin tó ń kiri kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ọmọ tó wà lóde ni wọ́n rí. Ilé tó ti ọmọ náà jáde kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí wọn. Ojú yẹn la ṣì ń lò. Wẹ́fíà ń jókòó sí ọ́fíìsì de ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ wá, tàbí tí ìyàwó bá sunkún wọlé, tàbí tí gómìnà bá ní kí wọ́n kó àwọn alágbe kúrò lójú títì. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ẹ kó alágbe kúrò lábẹ́ afárá lónìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá dé ilé tó ti wá, òmíràn á dé síbẹ̀ lọ́la.

Àìmọ ilé yìí ti ná wa ní ohun púpọ̀. Lọ́dún 2020 tí àrùn Kòrónà sé gbogbo èèyàn mọ́lé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dáwó jọ ra oúnjẹ fún àwọn aláìní. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, èrò ti já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó àti ní Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n sì kó oúnjẹ tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Àwọn ìjọba ní ètò pípín ṣì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú ní wọ́n fi pamọ́ ni. Bí a bá tilẹ̀ gba ti ìjọba gbọ́, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí oúnjẹ tó lè ti ilé ìkẹ́rùsí dé ìdí ààrò ẹni tí ebi ń pa. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí ₦25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Ṣáájú ìlérí yẹn, ní oṣù Keje, àwọn gómìnà ti sọ pé àwọn kò fọkàn tán ìwé tí orúkọ àwọn aláìní wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2024, Ààrẹ dá gbogbo ètò ìrànwọ́ náà dúró kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: owó wà, ìfẹ́ láti fúnni wà, ṣùgbọ́n Àbújá kò mọ ẹni tó ń gbé ní ojúlé kẹta ní Ṣakí, gómìnà kò mọ̀ ọ́n, kánsù tó yẹ kó mọ̀ ọ́n kò rán ẹnikẹ́ni débẹ̀.

Ti Èkìtì tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ní 2011, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn arúgbó. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Àwọn arúgbó wà nílé wọn, ebi wọn kò dín. Gómìnà tó ń fún wọn ló lọ. Bí ètò ìrànwọ́ bá so mọ́ orúkọ gómìnà, tí kò sí ọ́fíìsì kan nísàlẹ̀ tó gbà á bí iṣẹ́ ojoojúmọ́, bó bá ń lọ á gbé e lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní Yorùbá kò nílò Wẹ́fíà, pé ẹbí ni Wẹ́fíà tiwa. Mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹbí, ẹgbẹ́, èésú àti àjọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ró lónìí, bí wọ́n bá sinmi ọ̀sẹ̀ kan, ìlú á dàrú. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí ọ̀rọ̀ yẹn ń rántí ti fọ́n káàkiri. Ìyá wà ní Ìkirè, àkọ́bí wà ní Ìkòròdú, àbúrò rẹ̀ wà ní London, ayálégbé mẹ́wàá tí kò bára tan ló ń gbé ilé kan náà ní Muṣin. Ṣọ́ọ̀ṣì ń ran ọmọ ìjọ lọ́wọ́, mọ́sáláṣí ń pín sàká fún ẹni tí wọ́n mọ̀. Ẹni tí kò sí nínú èyíkéyìí ńkọ́? Ohun tó tún le jù ni pé ẹbí náà ló ń ṣe ibi nígbà míì. Ẹbí ọkọ ló ń lé opó jáde kí ọkọ tó jẹrà. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ló ń ba ọmọbìnrin jẹ́, tí àwọn àgbà ilé á ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kí ẹnikẹ́ni má gbé e jáde. Ọmọ yẹn nílò ẹnì kan tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí, tó ní àṣẹ òfin, tí kò lè gba "ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Wẹ́fíà tó bá mọṣẹ́ kì í sì í tú ẹbí ká. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta nínú àìní ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kó ràn lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ náà má baà dé ilé ọmọ aláìlóbìí rárá.

Àwọn alága á ní kò sówó. Àwíjàre yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí inú àpò kan náà pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀ ni owó wọn ń wọ̀, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún un tààrà. Ìpín 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún àpò ìjọba àpapọ̀ ló jẹ́ tiwọn, àpò náà sì ti wú gidigidi láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo. Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀ jù fún wọn. Ẹ mú Alímọ̀ṣọ́, tí ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà 100 síṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ṣì ní èèyàn tó lé ní 12,000 láti bójú tó. Iṣẹ́ náà á pọ̀ fún un, àmọ́ yóò lè mọ òpópónà rẹ̀, olórí àdúgbò, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àti tíṣà tó ń rí ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì nítorí ebi. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí wà: Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó ń kọ́ni nípa rẹ̀.

Ìbẹ̀rù tó wúwo jù lójú tèmi ni ti òṣèlú. Ẹni tó bá ní ìwé orúkọ àwọn aláìní lọ́wọ́ lè sọ ọ́ di ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ nídìí ìrẹsì. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ gbà máa kọ orúkọ, kí kánsẹ́lọ̀ má fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n kéde ìlànà tí wọ́n fi ń yan èèyàn ní gbangba, níwájú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ṣùgbọ́n kí àṣírí ìdílé kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì tí alága kò láṣẹ láti ṣí. Ìwé tí kò sí rárá kò dáàbò bo aláìní. Ẹni tó súnmọ́ alága nìkan ló ń ṣe láǹfààní.

Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń gbé ètò ìṣúná síwájú àwọn kánsẹ́lọ̀ lọ́dọọdún. Kí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín béèrè iye òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà tó kọ́ṣẹ́ tí kánsù ní, iye ilé tí wọ́n wọ̀ lóṣù tó kọjá, àti owó ọkọ̀ tí wọ́n fún wọn láti fi débẹ̀. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ náà àti nọ́ńbà fóònù wọn mọ́ ara ògiri ọjà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí owó ìrẹsì ọdún tó ń bọ̀.