ÌDÍ ÀÀRÒ: Oògùn Ẹ̀fọ́rí Kì Í Ṣe Èlò Ẹ̀wà

  

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí wa pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin wo lẹ ní kó máa kọ̀wé nípa ìdáná yìí, ṣé kò níyàwó ni?", mo rí lẹ́tà yín. Òótọ́ ni, mi ò tíì níyàwó. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò kaná. Àpọ́n tí kò bá mọ ọbẹ̀ sè, ọ̀dọ̀ olóńjẹ ni owó oṣù ẹ̀ máa ń parí sí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà n'Íbàdàn tó ń ta ẹ̀wà. Ìyá Ẹlẹ́wà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Owó ẹ̀wà yìí ni wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ni wọ́n fi rán mi níwèé títí mo fi jókòó ṣe ìdánwò WAEC. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹnu mi ò gbọdọ̀ gbàbọ̀dè fún ìkòkò ẹ̀wà.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí wọn ní kùtùkùtù. Wọ́n ní kí n bá àwọn da pàǹtí nù. Bí mo ṣe gbé e, ọ̀rá párásítámọ́ọ̀lù mẹ́rin já bọ́ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti ṣófo. Àyà mi já. Mo ní, "Màmá, ẹ̀fọ́rí yìí mà ti pọ̀ jù o. Ṣé ẹ ti lọ sọ́sibítù?"

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n kàn ń ro ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Orí tèmi kọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀wà ni."

Ẹ gbà mí o! Mo pariwo, mo ní wọ́n fẹ́ pa èèyàn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo máa ra gáàsì fún mi? Ẹ̀wà tó ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì lórí iná, mo ju hóró mélòó kan sí i kó lè tètè rọ̀. Àbí èmi nìkan ni mò ń ṣe é?"

Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n jàre o, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, kí ni kò gbówó lórí? Ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀wà bọ̀ wá sí Bódìjà láti òkè Ọya, epo ló ń mu. Gáàsì wọ́n, èédú náà wọ́n. Bí obìnrin bá fowó lé ẹ̀wà, oníbàárà á fajú ro. Bí kò bá fowó lé e, èrè wọmi. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí wọ́n má fi oògùn sè é mọ́, àfi kó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe dípò ẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn.

KÍ LÓ BURÚ NÍNÚ HÓRÓ YẸN?

Oògùn gidi ni párásítámọ́ọ̀lù fún ẹni tí orí ń fọ́ tàbí tára ẹ̀ gbóná. Àmọ́ ó ní òdiwọ̀n. Hóró tó wọ́pọ̀ jẹ́ 500 mílígíráàmù, àgbàlagbà kò sì gbọdọ̀ lò ju 8 lọ láàárín wákàtí 24. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ẹ̀dọ̀ kì í sì í pariwo. Èèyàn lè máa rìn kiri fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó máa rò pé kò sí nǹkan kan, kí ojú ẹ̀ tó wá pọ́n bíi ti ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe.

Wàyí o, ta ló mọ iye hóró tó wà nínú àwo ẹ̀wà kan? Oníbàárà ò mọ̀. Ẹ wo mẹkáníìkì tó jẹ ẹ̀wà láàárọ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn pa á, orí ń fọ́ ọ, ó ra hóró 2 lò. Nírọ̀lẹ́, ara ń ro ó, ó tún lo 2, ó wá fi ọtí lé e. Ọtí àti oògùn yẹn kì í ṣọ̀rẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ rárá. Àwọn aláboyún tún ń rà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé ń rà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òdiwọ̀n tọmọdé kéré gan-an sí tàgbà. Àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa ti kìlọ̀ léraléra pé kí àwọn olóńjẹ jáwọ́ nínú fífi oògùn yìí se ẹran àti ẹ̀wà.

Àwọn kan á ní, "Káún làwa ń fi sí tiwa." Káún kì í ṣe párásítámọ́ọ̀lù lóòótọ́, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 tó wà nínú ẹ̀wà jẹ́. Ẹ fowó ra oore, ẹ tún wá fi káún lé e jáde.

KÚBÙSÙ DI SÍTÓÒFÙ

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Mọ́ínmọ́ín tẹ́ ẹ kó sínú kúlà láàárọ̀, ṣebí ó ṣì máa ń gbóná lọ́sàn-án? Iná wo ló wà nínú kúlà? Kò sí. Kúlà ò kàn jẹ́ kí ooru jáde ni. Tí ìkòkò ẹ̀wà tó ti hó dáadáa ò bá rí ibi tú ooru ẹ̀ dà sí, ẹ̀wà á máa jiná lọ nínú ẹ̀, láìlo gáàsì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ogun àgbáyé kejì, 1939 sí 1945, nígbà tí ohun ìdáná wọ́n, àpótí tí wọ́n kó koríko gbígbẹ sí ni àwọn ìyàwó ilé ń gbé ìkòkò wọn sí kí oúnjẹ lè jiná.

Mo sọ fún Ìyá Ẹlẹ́wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò.

Ìgbà àkọ́kọ́, ojú tì mí. A ò rẹ ẹ̀wà, a kàn gbé e kaná fún ìṣẹ́jú 10, a wé e. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, a ṣí i. Ẹ̀wà le bí òkúta! Wọ́n ní, "Ìwé tí mo rán ọ lọ kà náà rèé?"

Ìgbà kejì, a rẹ ẹ̀wà mọ́jú, a sè é fún ìṣẹ́jú 20, a wá wé e. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ṣí ọmọrí, èéfín ṣì ń rú. Wọ́n fi ìka méjì tẹ ẹ̀wà, ó fọ́ sí wọn lọ́wọ́ mùẹ́mùẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé, "Kúbùsù mélòó ló kù nínú ilé?"

BÍ Ẹ ṢE MÁA SÈ É

Fún èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ wọn ẹ̀wà agolo mílíìkì 4. Ẹ ṣa ìdọ̀tí ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lálẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju òru kan lọ, torí bó bá ti ń yọ ìfófòó, ó ti fẹ́ kan nìyẹn.

Láàárọ̀, ẹ da omi yẹn nù. Á mú lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀wà máa rúnú wa kúrò. Ẹ bu omi tuntun sí i, kó fi bí ìka méjì ga ju ẹ̀wà lọ. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 20.

Ẹ paná. Ẹ má ṣí ọmọrí rárá. Ẹ ti tẹ́ kúbùsù sínú páálí tàbí agbọ̀n ńlá sílẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò sínú ẹ̀, kí ẹ fi kúbùsù kejì bò ó dáadáa, òkè àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí páálí yìí jìnnà sí iná o, kí ọwọ́ ọmọdé má sì dé ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ dá a padà sórí iná kó tún hó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fo èyí o, torí oúnjẹ tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè dani nínú rú. Ìgbà yìí lẹ tó máa fi epo, ata, iyọ̀ àti edé sí i.

Iná ìṣẹ́jú 30 péré nìyẹn. Ìkòkò ńlá máa ń mú ooru dúró ju ìkòkò kékeré lọ, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sè é tà lẹ máa jèrè ẹ̀ jù.

ÀDÀLÚ: Tí ẹ̀wà bá ń rọ̀ bọ̀, tí owó ò sì tó ra ẹran, ẹ bó agbádo tútù sí i ní ìṣẹ́jú 10 tó gbẹ̀yìn yẹn, kí ẹ fi bí ìṣẹ́jú 5 kún un. Bó bá jẹ́ agbádo gbígbẹ ni, ẹ rẹ ẹ́, ẹ sì kọ́kọ́ sè é lọ́tọ̀, torí ó le ju ẹ̀wà lọ. Ohun tó ń ṣara lóore tí kò pọ̀ tó nínú agbádo, ẹ̀wà ní in. Èyí tí kò pọ̀ tó nínú ẹ̀wà, agbádo ní in. Àwọn ìyá wa ò kàn pò wọ́n pọ̀ lásán.

GBẸ̀GÌRÌ: Ẹ̀wà tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ máa ń dínwó lọ́jà. Agolo 1 péré ẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ bó èèpo ẹ̀, ẹ sè é títí á fi rọ̀, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á. Ẹ wá fi ata, irú, iyọ̀ àti epo díẹ̀ sí i, kó hó pọ̀. Àmàlà ti délé nìyẹn.

ṢÓKÍ LỌBẸ̀ OGE

Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ nínú ooru kì í fẹ́ rọ̀. Bó bá tiẹ̀ dínwó, gáàsì máa gba owó yẹn padà. Ẹ bi oníbàárà yín bóyá tuntun ni.

Ẹ má fi tòmátì sí ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀. Ìkan inú tòmátì kì í jẹ́ kó tètè rọ̀.

Bí omi bá ti hó, ẹ dín iná kù. Omi tó ń hó jẹ́ẹ́jẹ́ gbóná bákan náà pẹ̀lú èyí tó ń hó wàràwàrà. Èyí tó ń hó wàràwàrà kàn ń jẹ gáàsì ni.

Ẹ̀wà tó bá ń rùn bí oògùn kòkòrò, ẹ dá a padà. Lọ́dún 2019, NAFDAC ka títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú ọjà léèwọ̀, nítorí ìjàǹbá tó ń ṣe. Fífọ̀ nìkan kì í mú un kúrò tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà pamọ́, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí ò bá ráyè mí á kú fúnra ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀wà yín lójoojúmọ́, ẹ fẹ́ kó tún padà wá lọ́dún mẹ́wàá sí i. Òkú ò ra ẹ̀wà. Ẹ̀yin oníbàárà náà, bí olóńjẹ yín bá sọ pé òun ò lo oògùn mọ́, tí ẹ̀wà ẹ̀ wá pẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, ẹ ṣe sùúrù fún un. Ẹ má sáré lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́wà kí n tó kọ èyí. Wọ́n ní, "Kọ ọ́, àmọ́ má kọ orúkọ mi." Kúbùsù tí wọ́n ń fi wé ìkòkò báyìí, èyí tí wọ́n rà fún mi nígbà tí mo ń lọ síléèwé ni, owó ẹ̀wà náà ni wọ́n fi rà á. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún bá wọn da pàǹtí nù. Mo tú u wò dáadáa. Èèpo àlùbọ́sà nìkan ni mo rí.

Ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ bí tiyín ṣe rí. Bó le bí òkúta, ẹ kọ ọ́. Ká jọ wá ibi tó ti ṣì. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ìkòkò wa ò ní í ṣófo.