Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Ó Ń Kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀tọ̀ ni àìmọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí kò tí ì mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kò jalè. Ẹni tí kò tí ì mọ bí a ṣe ń tu ọkọ̀ ojú omi kò pa ènìyàn. Ohun tí ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí a mú un lọ sétí odò, kí a sì fi sùúrù kọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ọlọgbọ́n kan tí yóò tì í sínú ibú, kí ó wá dúró ní bèbè pẹ̀lú pàṣán láti nà án nítorí pé omi ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n irú ohun bẹ́ẹ̀ gan-an ni à ń ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì. A sọ àìmọ̀ wọn di ẹ̀ṣẹ̀, a sì sọ èdè ìyá wọn di ẹrù òfin.

Ẹ jẹ́ kí a fi Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ tí a bí síbẹ̀, tí ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí ó fi tó ilé-ẹ̀kọ́ í lọ, kì í wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní òfìfo. Ó ti gbọ́ èdè kan ná, ó sì gbọ́ ọ dáadáa. Òun ni ó fi ń kí àgbà, òun ni ó fi ń ka owó lọ́jà, òun náà ni ó fi ń pa àlọ́. Èdè Ìkálẹ̀ ni èdè náà. Ẹ̀ka Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀: ohun tí ìwé Yorùbá ń pè ní ọwọ́, ọghọ́ ni ó ń jẹ́ lẹ́nu ọmọ náà. Nítorí náà, nígbà tí ó bá kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì, òkè méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Òkè kìíní ni Yorùbá inú ìwé, tí kò ṣe àjèjì sí i pátápátá. Òkè kejì ni Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ àjèjì sí i láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ní irú òkè méjì bẹ́ẹ̀ láti gùn yẹ fún ìrànlọ́wọ́, kò yẹ fún ẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń bá pàdé? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá, òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fanakúlà. A yan ọmọ kan tí yóò máa kọ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó bá sọ èdè ilé wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé yóò jẹ ẹgba, tàbí kí ó san owó ìtanràn, tàbí kí ó kúnlẹ̀ kí àwọn ìyókù máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí òfin yìí ń kọ́ wọn! Ó ń kọ́ ọ̀kan láti máa ṣe amí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ èkejì láti máa tijú ìyá rẹ̀. Kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Ọmọ tí ìṣirò kò yé yóò gbé ìbéèrè rẹ̀ mì, nítorí kò mọ bí yóò ti fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Olùkọ́ yóò wo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí, yóò ní, ‘Olódo ni ọmọ yìí.’ Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kì í ṣe olódo. A ti pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Wales, tí ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀rúndún 19 a máa so pákó kékeré mọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè Wales. Yóò gbé e kọ́rùn títí yóò fi gbọ́ èdè náà lẹ́nu ẹlòmíràn, yóò sì gbé e fún onítọ̀hún. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ parí ni yóò jìyà. Ní Kenya, Ngũgĩ wa Thiong’o, òǹkọ̀wé pàtàkì nì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1986 pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń jẹ àwọn ọmọ tí ó bá sọ èdè Gikuyu nígbà tí òun wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Lónìí, ìjọba Wales ń náwó kí àwọn ọmọ lè tún máa sọ èdè tí a fi ìyà lé kúrò lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ará iwájú jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwa ará ẹ̀yìn.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò yóò wí. Wọn yóò ní: ‘Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò WAEC, Gẹ̀ẹ́sì ni dandan fún gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ìdánwò JAMB láti wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ẹjọ́ àti ti ọ́fíìsì ìjọba. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ wa di ẹni ẹ̀yìn ni?’ Òtítọ́ ni wọ́n sọ, èmi kò sì bá wọn jiyàn. Gbogbo òbí ní Òde-Ìrèlè ni ó ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ó ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, gbèsè ni ó jẹ́ lọ́rùn wa láti fi kọ́kọ́rọ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Kí a máa fọ Gẹ̀ẹ́sì lé ọmọ lórí láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kì í ṣe kí a kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: ohun tí ọmọ mọ̀ ni a fi ń mú un dé ibi ohun tí kò mọ̀.

A ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò, a sì ti rí èrè rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí a fi ìdánwò wọ̀n wọ́n, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin tayọ nínú ìṣirò àti ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìyá wọn kò dènà Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó la ọ̀nà fún un.

Ìjọba pàápàá gbọ́ èyí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 ní kí a fi èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ìparí ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ gbogbo Nàìjíríà ní Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé ibi tí a ti lo èdè ìyá jù ni àwọn ọmọ ti ń kùnà nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní lẹ́yìn ìlànà ti 2022 kò tí ì kọjá kíláàsì kẹta nígbà tí a fagi lé e. Báwo ni ọmọ kíláàsì kẹta ṣe kùnà nínú ìdánwò WAEC? Ní ti ìlànà àtijọ́, orí ìwé ni ó ń gbé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. A kì í dá oògùn tí a kò lò lẹ́bi pé kò wo àìsàn.

Àwọn kan rò pé bí a bá ti fún gbogbo ọmọ ní ìwé kan náà àti olùkọ́ kan náà, a ti ṣe dọ́gba-n-dọ́gba. Irú ẹjọ́ yìí dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ní ìlú San Francisco, nǹkan bí 1,800 ọmọ àwọn ará Ṣáínà jókòó nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì láìgbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ fi ohùn kan sọ pé fífún wọn ní ìwé àti olùkọ́ kan náà kì í ṣe ìdọ́gba, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ èdè olùkọ́ kò rí ẹ̀kọ́ gbà. Bí a bá ní kí ìlú tí ó kún fún Gẹ̀ẹ́sì ran ọmọ àlejò lọ́wọ́, mélòó-mélòó ni ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀!

Kí wá ni ẹ̀tọ́ ọmọ yìí? Èkíní, kí a má ṣe fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí èdè ìyá rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1989 lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé sọ ọ́ pé ìbáwí ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ tàbùkù ọmọ. Èkejì, kí olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìpìlẹ̀, bí a ti ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹ̀kẹta, kí ó lè fi èdè tí ó gbọ́ béèrè ohun tí kò yé e. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fi àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díwọ̀n ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèjà Yorùbá, ẹ má ṣe fi ìró ẹnu ọmọ Ìkálẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó bá sá fún pàṣán Gẹ̀ẹ́sì kò yẹ kí ó bọ́ sọ́wọ́ pàṣán Yorùbá.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo mọ̀ pé kíláàsì kún, ìwé kò tó, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ ẹ̀yin náà. Síbẹ̀, ẹ gbé ìwé orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ nì sọnù. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, ta ni yóò kọ́ ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìwé wo? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi gbogbo agbára yín kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè fi í rẹ́ yín jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹgbẹ́ yín bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ tún un ṣe fún un. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.